Ta Ni Ó Kọ́ Olùkọ́ Ijó?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí, mo sì fẹ́ kí á jọ wá ìdáhùn rẹ̀. Bí mo bá bi yín pé ta ni ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ẹ óò dá mi lóhùn pé olùkọ́ ni. Bí mo bá tún bi yín pé ta ni ó kọ́ olùkọ́ náà, ẹ óò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, níbi tí ó gbé ka ìwé tí ó sì ṣe ìdánwò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ńkọ́? Ta ni ó kọ́ òun? Ìwé wo ni ó kà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí. Wọn óò ní ijó kò ní ìwé, pé bí ìlù bá ti dún, ẹsẹ̀ á mọ ohun tí yóò ṣe. Òótọ́ ni èyí fún ẹni tí ó ń jó fún ìgbádùn ara rẹ̀ níbi ìkómọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí ó ń jó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tí ó ń to ijó. Olùtò ijó ní láti mọ ẹsẹ̀ tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e, bí ogún ọmọ yóò ṣe yípo láìkọlu ara wọn, ìgbà tí ìlù yóò lọ sílẹ̀ àti ìgbà tí yóò dákẹ́ pátápátá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní láti mọ ohun tí ijó náà ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi Tẹ̀dé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé Tẹ̀dé ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Atisbo, orúkọ tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ibẹ̀ ṣe, Àgọ́-Àrẹ, Tẹ̀dé, Ìràwọ̀ àti àwọn yòókù. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ àgbàdo àti ọkà bàbà. Ká ní olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé pè, tí ó wí fún un pé, "Tíṣà, ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ ní ijó kan fún ayẹyẹ ìparí ọdún." Kí ni olùkọ́ yìí yóò ṣe?

Ọ̀nà tí ó yá jù lọ ni kí ó ṣí fóònù rẹ̀, kí ó wo ijó tí ó gbòde ní Èkó, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ti parí. Àwọn òbí yóò pàtẹ́wọ́, wọn óò sì na owó mọ́ ọmọ wọn níwájú orí. Èmi kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n kí ọdún mìíràn tó pé, ijó náà yóò ti di ohun ìgbàgbé, nítorí kò sí ohun tí ó so ó mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti jó o. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹsẹ̀ ijó tuntun ni aṣọ. Ìtumọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni àkísà, a kì í sì í rí i rà lọ́jà.

Ọ̀nà kejì gùn ju èyí lọ. Òun ni pé kí olùkọ́ náà fi ara rẹ̀ ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ ná. Bí a bá sì wo ìtàn àwọn tí ó ti ṣe olùtò ijó tí ayé mọ̀, nílẹ̀ wa àti lẹ́yìn odi, a óò rí i pé ọ̀nà kejì yìí ni gbogbo wọn gbà. Olùkọ́ márùn-ún ni wọ́n ní. N óò ka wọ́n fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ kìíní ni ìlù. Ẹ mú bíírò yín, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sílẹ̀: igba, igbá, igbà, ìgbà. Lẹ́tà kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní. Ìkíní jẹ́ iye owó ẹyọ tàbí iye iṣu, ìkejì ni a fi ń bu omi, ìkẹta ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, ìkẹrin ni àkókò. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí onídùndún bá gbé ìlù sí abíyá, tí ó ń fi apá fún ọsán rẹ̀ tí ó sì tún ń dẹ̀ ẹ́, ohùn mẹ́ta yìí ni ó ń wá: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ó ń ki ènìyàn, ó ń pa òwe, ó ń bú ènìyàn nígbà mìíràn pẹ̀lú, tí ẹni tí kò gbọ́ ìlù yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí èébú ara rẹ̀.

Ẹ rí i pé ewu wà níbẹ̀ fún olùtò ijó. Bí kò bá mọ ohun tí ìyáàlù ń wí, ó lè ní kí àwọn ọmọ máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì máa fò sókè níbi tí ìlù gbé ń kí òkú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù kọ̀ọ̀kan ṣe ní ijó tirẹ̀. Ohùn bàtá le, ó sì ń já lójijì. Ìdí nìyẹn tí èjìká oníjó bàtá fi ń já, tí ó ń sáré tí ó sì ń dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn dùndún ń lọ́, ara ẹni tí ó ń jó o náà yóò sì máa lọ́ tẹ̀lé e. Àgẹ̀rẹ̀ ni ti àwọn ọdẹ, ìgbìn ni ti Ọbàtálá, gbẹ̀du sì ni ti ọba. Ẹni tí ó bá fi ìlù kan ṣe òmíràn dàbí ẹni tí ó wọ aṣọ òkú lọ síbi ìgbéyàwó.

Kí ojú má sì ti olùkọ́ láti lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ onílù. Ọba Adétòyèṣe Láoyè, Tímì Ẹdẹ, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, kì í ṣe ọba tí ń wo onílù lókèèrè. Òun fúnra rẹ̀ ń lu ìlù, ó mọ̀ ọ́n lù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ nípa ìlù Yorùbá sílẹ̀ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Bí ọba tí ó dé adé bá lè gbé ìlù kọ́ apá, ta ni olùkọ́ ilé-ìwé tí yóò ní òun ju ọmọ Àyàn lọ?

Olùkọ́ kejì ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Ẹ lọ wo àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè. Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ eékún díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì wọ́ erùpẹ̀ mọ́ra. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sí ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn àgbàlagbà nígbà tí wọ́n bá ń jó. Eékún títẹ̀ náà nìyẹn, ẹ̀yìn bíbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó tẹ́ sílẹ̀ náà nìyẹn. Nínú ijó àwọn òyìnbó tí à ń pè ní ballet, oníjó ń wá ọ̀nà láti fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ fò. Ijó tiwa ń kí ilẹ̀. Kò yani lẹ́nu ní àgbègbè tí Ìràwọ̀ wà, ìlú tí ó jẹ́ orírun Òrìṣà Oko, níbi tí àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri máa ń wá gba ọ̀pá irin òrìṣà àgbẹ̀ láyé àtijọ́.

Obìnrin kan lẹ́yìn odi mọ̀ pé iṣẹ́ ń kọ́ni níjó. Pearl Primus ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù Trinidad ni a ti bí i ní 1919, ìlú New York ni ó sì ti dàgbà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni ó kọ́ ní yunifásítì kí ó tó di oníjó. Nígbà tí ó fẹ́ to ijó nípa ìyà àwọn ènìyàn dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, kò jókòó sílé rò ó. Ní 1944, ó lọ bá wọn gbé, ó bá wọn já òwú lóko, ó sì bá wọn lọ sí ilé ìjọsìn wọn, kí ara rẹ̀ lè mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dun ẹni tí ó ń já òwú. Ní 1948, ó rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà láti wá sí ilẹ̀ Áfíríkà wá kọ́ ijó. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀ sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ó wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nílé baba rẹ̀, bí ọmọ ni wọ́n sì ṣe gbà á.

Mo fẹ́ fi aṣọ kún ẹ̀kọ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ yìí, nítorí pé Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí wa, a sì mọ̀ ọ́n fún aṣọ òkè. Ẹni tí ó bá wọ agbádá aṣọ òkè kò lè jó bí ẹni tí ó wọ ṣòkòtò péńpé. Aṣọ náà wúwo, ó ń yọ̀ kúrò léjìká, oníjó ní láti máa ká a sókè, kíká sókè yìí sì ti di ijó fúnra rẹ̀. Bákan náà ni aṣọ eégún tí a gé sí ọ̀já wẹ́wẹ́: nígbà tí eégún bá ń pòyì ni ọ̀já wọ̀nyí tó fò sókè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ àwọn òǹwòran. Nítorí aṣọ náà ni wọ́n ṣe ṣe òyì náà. Bí olùkọ́ bá mú òyì yìí, tí ó ní kí ọmọ tí ó wọ yunifọ́ọ̀mù máa pòyì, ojú ọmọ yóò kọ́, ẹnikẹ́ni kì yóò sì mọ ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ kẹta ni àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa. Ẹlòmíràn rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa to ijó àti eré síwájú ènìyàn. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ìparí ọdún 1825, Hugh Clapperton, ará Skọ́tíláńdì, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n ń lọ sí òkè. Wọ́n gba ilẹ̀ Òkè-Ògùn wa yìí kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú Aláàfin, ní oṣù kìíní ọdún 1826. Ní oṣù kejì, Aláàfin ní kí àwọn eléré wá ṣeré fún àwọn àlejò. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí.

Apá mẹ́ta ni eré náà ní. Ní apá kìíní, àwọn ọkùnrin wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń tàkìtì. Ní apá kejì, òjòlá ńlá kan yọ jáde, aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń rá bàbà bí ejò gidi. Ní apá kẹta, àpò bọ́ sílẹ̀, òyìnbó kan sì jáde! Funfun ni, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ní àárín eré kan sí èkejì, àwọn ìyàwó ọba ń kọrin, èrò ìwòran sì ń gbè é.

Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kúrò nínú ẹ̀rín, kí á wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Òyìnbó ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà náà. Síbẹ̀ àwọn eléré yìí ti wo ìrìn rẹ̀, wọ́n ti wo bí ó ṣe ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ijó. Èyí ni iṣẹ́ olùtò ijó ní kúkúrú: kí ó wò títí yóò fi rí ohun tí àwọn mìíràn kò rí. Àwọn alárìnjó ni a ń pe irú àwọn eléré yìí. Inú egúngún ni iṣẹ́ wọn ti jáde, ìdílé sí ìdílé ni wọ́n sì fi ń kọ́ ara wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn alárìnjó yìí ni iná ti ràn mọ́ Hubert Ògúndé, tí a bí ní Ọ̀sọsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ní 1916. Ó ṣe olùkọ́ ilé-ìwé, ó sì ṣe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n eré eégún tí ó wò tí ó sì bá wọn ṣe nígbà èwe rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ní 1944, ó gbé eré ìjọ kan jáde ní Èkó, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, títí tí ó fi kú ní 1990 kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ijó àti orin ni ó fi ń ṣí eré rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ògúndé yìí kan náà ni yóò mú wa dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kẹrin, èyí tí í ṣe ìrìn àjò àti àjèjì. Ní 1947, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ijó níbẹ̀, ó kọ́ ijó tí wọ́n ń fi bàtà ta ilẹ̀ àti ijó àwọn òyìnbó tí tọkọtaya ń jó. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i. Ẹni tí ó ní eégún nílé, kí ni ó ń wá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Ohun tí ó ń wá ni pé kí ó rí bí àwọn mìíràn ṣe ń to tiwọn. Ó sì padà wálé. Nígbà tí ayé pé jọ sí ìlú Montreal ní Kánádà fún àpérò ńlá ti 1967, ijó tí Ògúndé gbé lọ síbẹ̀ kì í ṣe ijó bàtà títa, ijó ilẹ̀ wa ni. Ẹ̀kọ́ àjèjì dára fún ẹni tí ó bá ní ilé tí yóò gbé e wọ̀.

Àpẹẹrẹ èyí pọ̀. Germaine Acogny, tí a bí ní 1944 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, jẹ́ ọmọ-ọmọ obìnrin Yorùbá kan tí ó jẹ́ abọrẹ̀. Ilẹ̀ Senegal ni ó ti dàgbà, ó sì kọ́ ijó òyìnbó ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí yóò ṣe ẹ̀kọ́ ijó tirẹ̀, ó pa méjèèjì pọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, eegun ẹ̀yìn ni ejò, àyà ni oòrùn, ìdí sì ni òṣùpá. Ẹ rí i pé kò nílò kí ó máa ka nọ́ńbà fún ọmọ. Ó kàn ní kí oòrùn yọ, àyà yóò sì ṣí. Ní 1998, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan sílẹ̀ ní Toubab Dialaw lẹ́bàá òkun Senegal, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Iyanrìn ní èdè wọn. Orí iyanrìn ni àwọn ọmọ ti ń jó níbẹ̀. Ní 2021, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ijó, ní Venice ní Ítálì.

Lára àwọn ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ti Qudus Onikeku, tí a bí ní Èkó ní 1984. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atàkìtì ní ilẹ̀ Faransé, ó sì jáde níbẹ̀ ní 2009. Dípò kí ó jókòó sí ọ̀hún, ó padà sí Èkó, ó sì dá ilé ijó sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2014, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ rántí àwọn tí ó ń tàkìtì nínú àpò níwájú Aláàfin ní 1826. Ìgbà yí padà, òkìtì kò tíì tán nílẹ̀ Yorùbá.

Olùkọ́ karùn-ún ni ohun tí ń dun ìlú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945 nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun, Ògúndé kò wá eré mìíràn lọ sí ọ̀run. Ó fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti ebi ṣe eré. Ní 1964, tí ìjà òṣèlú ń jó ilẹ̀ wa, ó ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà ká. A kì í fi òfin de ijó tí kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà, bí olùkọ́ ní Tẹ̀dé bá ń wá ohun tí yóò fi ijó sọ, kò yẹ kí ó lọ jìnnà. Òjò tí kò tètè rọ̀ wà níbẹ̀. Oko tí màlúù wọ̀ wà níbẹ̀, àti bí àgbẹ̀ àti darandaran ṣe lè bára wọn gbé. Ọmọ tí ó fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Èkó tí kò padà wálé wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ti ń mi orí. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ kí ọmọ wọn jó ijó ìbílẹ̀ rárá, nítorí wọ́n jẹ́ Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ìlù yóò fa ọmọ wọn lọ síbi òrìṣà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, kì í sì í ṣe ohun kékeré lọ́kàn òbí. Ìtàn Dúró Ládipọ̀ ni n óò fi dá wọn lóhùn. Òun náà ṣe olùkọ́ ilé-ìwé, ní Òṣogbo. Ní 1961, ó ṣe orin fún ọdún Àjíǹde, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí àwọn kan nínú ìjọ. Wọ́n ní ìlù wọ̀nyí kò yẹ nílé Ọlọ́run. Ládipọ̀ gbé orin rẹ̀ jáde, ó ń lọ ṣe é níbòmíràn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo nílé rẹ̀, láìpẹ́ ó sì gbé Ọba Kò So jáde, eré tí ó fi bàtá àti ijó Ṣàngó sọ ìtàn ọba Ọ̀yọ́. Ní 1964, eré náà dé Berlin ní Jámánì. Ládipọ̀ kú ní 1978. Lónìí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan nílẹ̀ Yorùbá ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹ óò gbọ́ gángan. Ìlù tí wọ́n lé jáde ní 1961 ti padà wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí i mọ́.

Síbẹ̀, òbí tí ẹ̀rù ń bà náà ní ẹ̀tọ́ kan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ mọ ohun tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ijó kan wà tí ó jẹ́ ti inú ojúbọ, tí àwọn tí ó ni ín kò fẹ́ kí a mú jáde. A kò gbọdọ̀ fi í ṣe eré ilé-ìwé, kì í ṣe nítorí ti òbí nìkan, nítorí ti àwọn tí ó ni ín pẹ̀lú. Ijó mìíràn sì wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú: ijó iṣẹ́ oko, ijó ìgbéyàwó, ijó ẹgbẹ́, ijó òṣùpá. Olùkọ́ tí kò béèrè kò lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Olùkọ́ tí ó béèrè lè dúró níwájú òbí àti níwájú àwọn àgbà ìlú, kí ó sì ṣàlàyé láìṣojo.

Ó ku ohun kan tí ó ń da àwọn olùtò ijó láàmú. Ní ojúde ìlú, èrò yí oníjó ká ni, ijó lè bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó di àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹni tí ń wòran sì lè bọ́ sójú agbo nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, apá kan ni èrò jókòó sí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni a fún wọn. Peggy Harper, obìnrin tí ó wá láti South Africa, tí ó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀, ronú púpọ̀ sí ọ̀ràn yìí ní àwọn ọdún 1960. Òun àti Frank Speed, tí ó ń ya fíìmù, rin káàkiri, wọ́n ń ya àwòrán ijó níbi tí àwọn tí ó ni ín gbé ń jó o. Ohun tí ẹ̀yin náà yóò rí bí ẹ bá dán an wò ni pé kò ṣeé ṣe láti gbé gbogbo ijó ojúde wọ gbọ̀ngàn. Olùtò ijó ní láti gé e kúrú. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ ijó ni ó lè mọ ibi tí a lè gé tí kò ní kú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gé orí, yóò fi ìrù sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di olùkọ́, kí ẹ tó kọ́ ọmọ ní ijó kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní, ta ni ó ni ijó yìí, ṣé ó sì gbà kí n mú un? Èkejì, kí ni ìlù rẹ̀ ń wí? Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ wo tàbí aṣọ wo ni ó bí ẹsẹ̀ ijó yìí? Ẹ̀kẹrin, kí ni èmi àti àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ fi sọ fún ìlú wa lónìí? Bí ẹ bá rí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lè wá fi ohun tí ẹ rí lórí fóònù kún un bí ẹ bá fẹ́. Kò ní pa á lára, nítorí ó ti ní gbòǹgbò.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín rèé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá àgbà kan nílé, ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní ijó kan tí wọ́n jó nígbà èwe wọn. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ìlù rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń jó o. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Bí wọ́n bá ní àwọn lè fi ẹsẹ̀ kan hàn yín, ẹ dìde, kí ẹ bá wọn jó o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílù àti oníjó tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ti ń darúgbó, ẹni tí a kò sì bi léèrè yóò gbé tirẹ̀ lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ta ni ó kọ́ olùkọ́ ijó? Àwọn ará ìlú ni. Ìwé tí ó kà wà lẹ́nu wọn, ó wà lọ́wọ́ wọn, ó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó dìgbà mìíràn o.